Ọ̀gágun Tí Kì í Ṣẹ́gun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé tí wọ́n bí mi sí, kó kọ́kọ́ gbọ́ oríkì wa. Oríkì àwọn ará ilé kejì ń sọ nípa ẹni tó pa erin. Ti àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ń sọ nípa ẹni tó wọ ìlú onílùú, tó sì kó wọn lẹ́rú. Tiwa ńkọ́? Tiwa ní, ‘Ọmọ a-sá-padà-wá-jíṣẹ́, ọmọ ẹni ogun lé, tí kò lé kúrò lẹ́yìn ọba.’ Ẹ gbọ́ mi ná. Tìtorí kí orí ọmọ lè wú ni wọ́n ṣe ń kì í, èwo wá ni ti ẹni tó sá? Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, mo bá ọmọ ọlọ́mọ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí wọ́n fi fa aṣọ mi ya. Nígbà tí mo délé, ìyá mi tún nà mí nítorí aṣọ.

Bàbá mi ló máa ń kì wá láàárọ̀. Olùkọ́ ni, ìtàn ló sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó sá nínú oríkì wa yẹn, baba ńlá wa ni. Ọ̀gágun Aláàfin ni nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró, ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́ bí ẹni wà ní kíláàsì. Ó jẹ oyè, ó ní ẹṣin, ó ní ilẹ̀ tí ọba ta á lọ́rẹ. Gbogbo ogun tó lọ ló sì ti fìdí rẹmi.

Láyé ìgbà náà, ọ̀gágun tí ogun bá ṣẹ́ kì í padà wálé. Yóò kú sójú ogun, tàbí kó forí lé ibòmíràn, kó lọ tẹ̀dó síbẹ̀, kí wọ́n má gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìtìjú ni kò ní jẹ́ kó padà. Baba ńlá wa ń padà ní tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá lé e, yóò wá síwájú ọba, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì pe orúkọ àwọn tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìjòyè bi í pé kí ló dé tí kò kú síbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kú sí. Ó ní ọba ló rán òun níṣẹ́, bí òun bá kú sọ́hùn-ún, ta ni yóò wá jíṣẹ́? Ọba ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣẹ́gun ló ń purọ́ fún òun jù.

Mo lè sọ àwọn ogun náà lójú oorun. Inú igbó ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ, bẹ́ẹ̀ ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi ń jà. Eṣinṣin igbó bo àwọn ẹṣin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, àwọn ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ wọn kò mọ ilẹ̀ wá di ẹran ọdẹ fún àwọn tafàtafà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fẹ́ sọdá odò Ọya lọ bá àwọn Tápà. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó bá ṣe àdéhùn ti gba rìbá lọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n tu ọkọ̀ wọn lọ, wọ́n sì fi òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ ní bèbè odò kí ebi máa pa wọ́n.

Ogun kẹta ló máa ń dùn mí jù. Odi ìlú tó lọ gbógun tì ti wó, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti wọlé, ó ku ààfin nìkan. Ìránṣẹ́ bá dé láti ilé pé àwọn ìjòyè ti ní kí ọba lọ kú, ọba sì ti gbà, ó ti kú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sin ín nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù olórí ìjòyè. Ó yí ẹṣin rẹ̀ padà. Ó fi ìlú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà sílẹ̀, ó lọ sin òkú, àwọn ọ̀tá sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pa àwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n rán an lọ sí ogun ìkẹyìn, ó ti darúgbó. Ọba tuntun fún un ní ìwọ̀nba èèyàn, ọ̀gágun mọ̀ pé wọn kò tó, síbẹ̀ ó lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn bọ̀. Orí ẹní ló kú sí nínú ilé ara rẹ̀, ẹ̀gàn ńlá sì nìyẹn fún jagunjagun.

‘Bàbá mi, ṣé kò tiẹ̀ ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?’ Mo máa ń bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

‘Kò ṣẹ́gun.’

‘Ẹ ṣáà sọ pé ó ṣẹ́ ẹyọ kan.’

‘Kí n wá purọ́ mọ́ òkú nítorí kí inú ìwọ lè dùn? Ilé tiwa, a kì í purọ́ ogun.’ Yóò nu omijé ojú mi, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, baba ńlá wa yóò sì tún fìdí rẹmi.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo lọ mú bàbá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Kettering, lókè òkun. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sì ń ṣe ní ọsibítù. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi ti lọ sí yunifásítì, ilé náà tóbi jù fún ẹnì kan. Àdúgbò tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni, tí ènìyàn lè gbé fún ọdún mélòó kan láìmọ ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. Bàbá mi kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́. Yóò dúró síwájú ilé, yóò máa kí gbogbo ẹni tó bá ń mú ajá rẹ̀ kọjá, yóò tún béèrè bóyá ajá náà jí dáadáa. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Bí mo bá dé láàárọ̀, tèmi taṣọ iṣẹ́ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Yóò bẹ̀rẹ̀ oríkì wa, yóò dá ẹnu dúró láàárín, èmi yóò sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá po ẹ̀kọ, màá gé búrẹ́dì, yóò sì sọ ogun kan fún mi. Mo sọ fún un nígbà kan pé ohun tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń ṣe nìyẹn tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó ń lọ ilé yóò jábọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀: ẹni tó sùn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ẹni tó kú. A kì í bò ó. Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn débi pé ó ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì pé nọ́ọ̀sì ni baba ńlá àwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Laurel, tí kò jìnnà sí wa, àwa méjèèjì nìkan ló sì kù nínú ọmọ bàbá mi. Òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gágun yẹn sétí. Gbogbo ohun tó bá dáwọ́ lé ló máa ń bàjẹ́ nígbà tó bá ku díẹ̀. Ilé tó fẹ́ rà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó gba kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Texas. Pásítọ̀ rẹ̀ wá bi í pé irú ènìyàn wo ni àwọn baba ńlá rẹ̀, ó sì sọ ìtàn yẹn fún wọn, gbogbo rẹ̀ porogodo. Pásítọ̀ ní ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí àṣetì ti wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti wá sílé mi, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ bàbá.

‘Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa sọ pé ó ṣẹ́gun. Ẹnu la fi ń pe ire. Ta ló máa bi wá?’

‘Ọ̀gágun ló lé ìyàwó rẹ lọ sí Texas?’ Bàbá mi á wò ó láti òkè délẹ̀. ‘Àbí Ọ̀yọ́ Ilé ni ìwọ àti òun ti jà?’

Èmi á rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í rẹ́rìn-ín. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní kì ọmọ kankan ní oríkì yẹn láéláé.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí orí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, èmi tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì. Èdè wa ló bò ó mọ́ mi lójú. Nínú Yorùbá, àgbàlagbà lè lo ọdún méjì gbáko láìpe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Gbogbo obìnrin ni ‘ìyá mi’, gbogbo ọkùnrin ni ‘ọ̀gá mi’. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí a ń lọ ní Hyattsville, wọ́n á wá bá a lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ní, ‘Bàbá, ṣé ẹ rántí mi?’ Bàbá mi á di ọwọ́ wọn mú. Á ní, ‘Ta ní í gbàgbé ẹni ire?’ Wọ́n á yí sí mi, wọ́n á ní bàbá yìí mà gbọ́n o, bàbá yìí mà mọ ọ̀rọ̀ o. Èmi náà á máa fẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lówó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èmi náà ní ‘ìyá mi’. Inú mi dùn, mo rò pé ìfẹ́ ni. Ó bi mí pé níbo ni ìyá tó bí mi lọ láti àárọ̀, mo rò pé ó ń ṣàárò rẹ̀ ni. Bí ó bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, mo ní, ‘Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, sà,’ nítorí ohun tí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ máa ń sọ fún bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá bàtà rẹ̀ nínú fìríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, ni mo tó jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì, tí mo sì sunkún.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀gbọ́n mi sì tẹ̀ lé wa. Bàbá mi gbọ́ òyìnbó jù mí lọ, òun ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Yorùbá nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, bá pe ògbufọ̀ lórí fóònù. Obìnrin ló gbé e, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ará Ìbàdàn. Dókítà ní kó bi bàbá pé ọdún wo la wà.

‘Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá,’ ni ògbufọ̀ wí. ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa, a kò fi yín ṣeré. Wọ́n ń béèrè ọdún tí a wà yìí ni.’ Ó wá dárúkọ ọdún náà fúnra rẹ̀, ó ní, ‘Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sà?’

Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ògbufọ̀ sọ fún dókítà pé bàbá gbà á.

Wọ́n ní kó ya aago sórí ìwé. Ó ya òbìrí kan, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní ọmọdé kì í rán àgbà ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni bàbá sọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà pé ó ti rẹ bàbá díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì wá ń fi ètè sọ ìdáhùn tó kù sí i. Èmi ńkọ́? Ilẹ̀ ni mo ń wò. Ta ló fẹ́ jókòó kí wọ́n máa dán bàbá òun wò bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Dókítà ní kò tíì burú púpọ̀, ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Títí a fi dìde, ògbufọ̀ ṣì wà lórí fóònù tó ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un.

Ká sọ tòótọ́, ká tiẹ̀ ní wọ́n rí i lọ́jọ́ náà, kò sí oògùn tí ìbá mú un padà. Mo ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àìsàn yìí ń ṣe. Kì í yára, kì í sì í padà lẹ́yìn ẹni. Bó bá mú nǹkan lónìí, ó ti mú un lọ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rí dì mú. Àwọn ogun yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, pérépéré, bó ṣe sọ wọ́n fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó lè máà mọ̀ bóyá ó ti jẹun, ṣùgbọ́n ó mọ bí eṣinṣin ṣe bo ẹṣin. Mo wá ń sáré wálé láàárọ̀ láti gbọ́ wọn. Bí mo bá wà nínú mọ́tò, tí àwọn ọkọ̀ tò bí èèrà níwájú mi, ohun tó máa ń wà lọ́kàn mi ni pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gágun yẹn bá ṣì ń fìdí rẹmi, bàbá mi ṣì wà nílé.

Lẹ́yìn tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún náà, ó bẹ̀rẹ̀ ogun odò Ọya fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó dé ibi àwọn ọlọ́kọ̀, ó bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ. Ó ní, ‘Wọ́n sì sọdá.’

‘Ẹ ní kí ni, sà?’

‘Wọ́n sọdá. Àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn ṣe dáadáa. Wọ́n sọdá, wọ́n sì mú àwọn Tápà.’

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín, kó ní òun ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì dùn. Mo ní, ‘Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, sà,’ mo gun òkè lọ, mo dùbúlẹ̀, n kò sì sùn. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ọ̀gágun yẹn ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ṣẹ́ ẹ, àyà mi sì ń já bí ẹni pé wọ́n ń ti ìta kanlẹ̀kùn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́. Ó ní àwọn ti gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ wá wo bí Ó ṣe yí ọkàn bàbá padà. Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, orí bàbá ló ń lọ.’ Ó ní èmi ọlọ́sibítù, àìsàn nìkan ni ojú mi ń rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú ìjọ rẹ̀, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti ṣẹ́ ègún àṣetì nínú ìdílé àwọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ṣe ìyẹn tán, ó tún fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ogun náà ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹṣin kò kú mọ́ nínú igbó. Ó gbàgbé bó ṣe ń de bẹ́líìtì rẹ̀. Ó di ohun tí mo ń wẹ̀ fún un, èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun náà sì ń fi ojú pa mọ́. Mo gba obìnrin kan tó ń jókòó tì í lálẹ́ kí n lè lọ síbi iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sọ pé ó gbọ́n mọ́. Wọ́n ń fọwọ́ tọ́ èjìká mi ni, wọ́n á ní, ‘Ẹ kú ìtọ́jú o.’

Ìgbà tí ooru mú gan-an ló dé orí ogun kẹta. Ní òru tó ṣáájú àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tí mo ń tọ́jú ní ọsibítù kú mọ́ mi lọ́wọ́, èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó rẹ̀ mí, ebi ń pa mí. Bàbá mi ní ìránṣẹ́ dé, ó wí fún ọ̀gágun pé ọba ti kú, kò sì sí ẹni tí yóò sin ín.

‘Ó ní kí ló kan òun níbẹ̀,’ ni bàbá mi wí. ‘Ó wọ ààfin wọn, ó kó ẹrù wọn.’

‘Irọ́ ni!’

Ẹnu mi ló ti jáde. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, wọn kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló pa. Bó bá tiẹ̀ pa á, a ó ní ẹ ṣì í sọ ni, sà. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mo dìde dúró lé e lórí. Mo ní, ‘Irọ́ ni. Ó padà lọ sin ọba. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ má sọ pé kò padà.’

Mo retí pé kó bú mi. Ká ní ó gbá mi létí lọ́jọ́ náà, màá dúpẹ́. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, ó tẹ orí ba.

‘Ẹ má bínú, mà,’ ó ní. ‘Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mà.’

Bàbá tó bí mi lọ́mọ. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó rí i pé ọ̀gá obìnrin yìí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lórí àga, ó ń wá bí òun yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo dì í mú ní ìbàdí, mo ń sọ pé ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi, ẹ jókòó. A wà báyẹn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè gbé e padà sórí àga.

N kò sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí òtútù tún dé, ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó ní òun fẹ́ ká ohùn bàbá sílẹ̀ kí àwọn ará ilé lè gbọ́ bí ọ̀gágun ṣe ṣẹ́gun. Mo ń fún bàbá ní àsáró lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù lé orí tábìlì, ó jókòó dáadáa.

‘Bàbá, ẹ sọ ti ogun ìkẹyìn, èyí tó lọ nígbà tó darúgbó.’

‘Ó ṣẹ́ wọn,’ ni bàbá mi wí. ‘Ó ṣẹ́ gbogbo wọn.’

‘Ògo fún Ọlọ́run. Nígbà tó délé, kí ló sọ fún ọba?’

‘Ọba wo?’

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó tún wo bàbá. ‘Aláàfin, sà. Ọba tó rán an níṣẹ́.’

‘Kò sí ọba kankan níbẹ̀,’ ni bàbá mi wí. ‘Òun nìkan ni.’

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó pa fóònù náà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dàgbà. Ó ní, ‘Ọmọ a-sá-padà-wá-jíṣẹ́,’ ó dá ẹnu dúró, ó ń retí kí bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi.’

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún, ó di ẹsẹ̀ bàbá mú. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. ‘Bàbá, kò ṣẹ́gun. Ó sá ni. Ẹ dákun, ẹ rántí, ó sá padà wálé. Ẹ sọ pé ó sá, bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan.’

Ẹ̀rù ba bàbá mi. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì yí sí mi. ‘Mà, kí ni mo ṣe fún un? Ṣé kò ṣẹ́gun ni?’

Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí sí mi láti ilẹ̀ níbẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ pé ó ṣẹ́gun.

‘Ó ṣẹ́gun, bàbá,’ ni mo wí.

‘Àwọn tó bá a lọ ńkọ́?’

‘Gbogbo wọn ló délé.’

‘Gbogbo wọn?’

‘Kò sí ẹnì kan tó kú nínú wọn, sà.’

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó la ẹnu kí n fi oúnjẹ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé, kò sì wa á lọ. Mo fún bàbá mi lóúnjẹ tán, mo nu ẹnu rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbàdúrà fún mi, ó ní òun náà bí ọmọ obìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kì í wá wo òun.